Orin Mẹ́ta Àkọ́kọ́: Àkọsílẹ̀ Ìrọ̀lẹ́ Kan Lẹ́nu Iṣẹ́ Fíìmù

Elégbè ni obìnrin tí fíìmù wa dá lé lórí. Ó ti pẹ́ tó ti ń gberin lẹ́yìn àwọn olórin ńláńlá. Àwọn èèyàn mọ ohùn rẹ̀, wọn ò mọ ojú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yà kò le láti sọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ayẹyẹ orin ńlá kan máa parí, yóò kọ́kọ́ kọrin tirẹ̀ lórí ìtàgé kékeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ. Lẹ́yìn náà, yóò kọjá sí ìtàgé ńlá, yóò bọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe, yóò sì gberin fún ìlúmọ̀ọ́ká tó máa kádìí ètò nílẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn, nínú ìrọ̀lẹ́ kan náà. Orí èyí ni olùdarí wa gbé fíìmù náà kà nígbà tó ń wá owó, mo sì gbà pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ìdí ohùn ni èmi wà. Olùdarí wà, àwọn ayàwòrán méjì wà, obìnrin kan, ọkùnrin kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń tọ́jú káàdì àti bátìrì, obìnrin tó ń mójú tó àdéhùn àti owó ni ìkẹfà wa, Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Èèyàn mẹ́fà kò pọ̀ níbi ayẹyẹ tí ìtàgé mélòó kan ti ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, bí a bá tiẹ̀ jẹ́ méjìlá lọ́jọ́ náà, ọ̀ràn tó bá wa ì bá ṣì bá wa, torí inú ìwé àdéhùn ló ti wá.

Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé bí àwọn olùṣètò bá ti fi káàdì ìwọlé kọ́ èèyàn lọ́rùn, ó ti di ọmọ ilé nìyẹn. Káàdì yẹn ń ṣílẹ̀kùn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olórin ló ni eré tó ń ṣe lórí ìtàgé, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn Róòmù ti 1961 ló fi ìpìlẹ̀ èyí lélẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. Àdéhùn Beijing ti 2012, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, wá mú ẹ̀tọ́ náà dé orí fíìmù àti fídíò. Orin fúnra rẹ̀ tún ní ẹni tó ni ín lọ́tọ̀, ìyẹn ẹni tó kọ ọ́, tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó fún un. Ìṣẹ́jú kan péré tí kámẹ́rà bá gbà níwájú ìtàgé lè ní olówó méjì tàbí mẹ́ta tí èèyàn gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ kí fíìmù tó jáde.

Ti elégbè wa rọrùn. Òun ló kọ orin rẹ̀, òun ló ni ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ti buwọ́ lùwé pé kí a gba gbogbo rẹ̀ tokétilẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìlúmọ̀ọ́ká yẹn ni nǹkan ti le. Ohun tí àwọn tó ń ṣojú rẹ̀ máa ń fún àwọn ayàwòrán ilé ìròyìn náà ni wọ́n fún wa: orin mẹ́ta àkọ́kọ́, láti inú àlàfo tó wà láàárín irin ìdènà èrò àti ìtàgé, láìsí iná kámẹ́rà. Ó ti pẹ́ tí àṣà yìí ti wà nídìí iṣẹ́ orin. Bí orin kẹta bá ti parí, àwọn ẹ̀ṣọ́ á fọwọ́ kan èèyàn léjìká, ó di ìta. Fún tiwa, wọ́n tún fi díẹ̀ lé e: kámẹ́rà kan ṣoṣo, àwòrán nìkan, a ò gbọdọ̀ gba ohùn kankan láti orí míkísà wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po gbogbo ohùn ìtàgé pọ̀, a ò sì gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ kankan gun ìtàgé tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí ka ìwé náà sókè fún wa, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó burú ńbẹ̀. Orin mẹ́ta á tó ìṣẹ́jú méjìlá. Elégbè á ti wà nídìí máíkì rẹ̀ láti orin kìn-ín-ní. Ìṣẹ́jú méjìlá sì ju ohun tí fíìmù náà máa lò lọ fíìfíì. Lórí ètò tí wọ́n tẹ̀ jáde, aago márùn-ún ààbọ̀ ni tirẹ̀ lórí ìtàgé kékeré, fún ogójì ìṣẹ́jú. Aago mẹ́jọ ni ìtàgé ńlá. Àyè wà láàárín méjèèjì fún un láti pààrọ̀ aṣọ, kó jẹun, kó tilẹ̀ sùn díẹ̀.

Àrá wá sán.

Òjò nìkan kì í sábà dá orin dúró, bí òrùlé ìtàgé bá dáa. Ọ̀rọ̀ mọ̀nàmọ́ná ló yàtọ̀: ìtàgé irin ni, òpó iná irin ni, pápá gbalasa sì ni, tó jẹ́ pé orí èèyàn ló ga jù níbẹ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ olùṣètò ń tẹ̀lé ni pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn àrá tó sán gbẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó padà. Bí òmíràn bá sán ní ìṣẹ́jú kejìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n á tún kíkà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Ara á fẹ́ balẹ̀, yóò tún bú gbàù, àwọn èrò á sì tún máa wọ́ lọ sídìí ọkọ̀ wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fi ọ̀pá máíkì sílẹ̀. Ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ nínú pápá lásìkò mọ̀nàmọ́ná, ìyẹn ò ní àlàyé. Inú ọkọ̀ ni a sá sí, torí àgọ́ aláṣọ ò gba èèyàn lọ́wọ́ mọ̀nàmọ́ná, bó ti wù kó gbẹ tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa lo àǹfààní náà, ó da gbogbo káàdì tó wà nílẹ̀ sórí hard drive méjì, ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan wò pé ohun tó wà níhìn-ín náà ló wà lọ́hùn-ún, kí ó tó pa ohunkóhun rẹ́. Inú ọkọ̀ kan ni hard drive kìn-ín-ní wà, inú òmíràn ni èkejì wà. Mi ò tún ní sọ̀rọ̀ nípa káàdì mọ́, torí pé ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí wàhálà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí a fi parí.

Ayàwòrán wa ọkùnrin ò jókòó. Ó gbé kámẹ́rà sójú fèrèsé ọkọ̀, ó ń ya àwọn èrò tó fi ọ̀rá borí, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbá omi kúrò lórí ìtàgé, onílù kan tó ń fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu ìlù. Olùdarí rò pé ó ń fi bátìrì ṣòfò. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Níbi ayẹyẹ orin Woodstock ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹjọ 1969, ìjì òjò ọjọ́ Sunday dá ètò dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, gbogbo nǹkan sì sún síwájú débi pé ó di àárọ̀ Monday kí Jimi Hendrix onígìtá tó gun ìtàgé, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú èrò ti gba ilé lọ. Ẹni tó bá ti di ẹrù kámẹ́rà rẹ̀ lálẹ́ Sunday ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Níbi ayẹyẹ orin, ìgbà tí ètò bá dàrú ni fíìmù máa ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ojú ọjọ́ là, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ètò tuntun jáde lórí fóònù àwọn olùṣètò. Wọ́n gé eré gbogbo ẹgbẹ́ ìtàgé kékeré sí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì tún wọn tò. Aago mẹ́jọ di ti elégbè wa. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìtàgé ńlá máa bẹ̀rẹ̀.

Olùdarí wo fóònù, ó wo ojú wa, kò sọ̀rọ̀. Bí elégbè bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ géérégé, á parí ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìrìn àárín ìtàgé méjèèjì, láti ẹ̀yìn, nínú ẹrẹ̀, kò lè dín ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje. Ìlúmọ̀ọ́ká á ti wà nínú orin kejì tàbí ìkẹta. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti elégbè nìkan ni, ó di dandan kó yan ọ̀kan: orin tirẹ̀ tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá, tàbí iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ.

Ó lọ bá olórí ẹgbẹ́ onílù ìlúmọ̀ọ́ká náà. Ayàwòrán wa ọkùnrin tẹ̀ lé e, èmi náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá máíkì, torí àrá ti lọ. Ọkùnrin náà ń wé wáyà gìtá sọ́wọ́ nígbà tí a débẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí ètò tuntun?”

“Mo ti rí i.”

“Mi ò lè wà níbi méjì, sà.”

“Ìgbà wo lo máa parí níbẹ̀?”

“Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa. Bí wọ́n bá jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀.”

Ó wé wáyà yẹn tán, ó so ó, ó gbé e kalẹ̀. “Lọ kọrin ẹ. Àwọn méjì tó kù á gbé e dé orin kẹta. Orin kẹrin ni mo ti fẹ́ gbóhùn ẹ. Má jẹ́ kó di ìkarùn-ún o.”

Ó kúnlẹ̀ kí i. Ọkùnrin náà ní kó dìde, kó má fi ẹrẹ̀ ba aṣọ tó máa fi kọrin jẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, òun sì ni ìran tó dáa jù nínú gbogbo ohun tí a yà níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ látorí ohun tí mo ń gbọ́ nínú hẹ́dìfóònù mi, kí n tó rí àwòrán rẹ̀.

Àǹtí ló kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé wa dé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n fún wa. Orin kẹrin ló ń dé.”

Gbogbo wa dákẹ́. Àwọn orin tí ìwé gbà wá láyè láti yà, elégbè kò ní sí níbẹ̀. Àwọn tó máa wà níbẹ̀, a ò gbọdọ̀ yà wọ́n. Àǹtí pe àwọn tó ń ṣojú ìlúmọ̀ọ́ká, ó tún pè, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi: ètò tiwọn náà ti dàrú, a ò sì sí lára ohun tó ká wọn lára lákòókò yẹn.

Olùdarí ní kí a fi ìtàgé ńlá sílẹ̀ pátá, kí kámẹ́rà méjèèjì lọ sí ìtàgé kékeré. Ó bọ́gbọ́n mu. Kí la fẹ́ fi àwòrán ìlúmọ̀ọ́ká ṣe nínú fíìmù tí kì í ṣe tirẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni fíìmù kò sí níbẹ̀? Ayàwòrán wa obìnrin ló kọ̀. Ó ń nu gíláàsì kámẹ́rà rẹ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Wọn ò ní yọ máíkì rẹ̀,” ó ní. “Ìdúró elégbè mẹ́ta ni wọ́n tò síbẹ̀. Èèyàn méjì ló máa wà níbẹ̀ fún orin mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n lọ ya ìkẹta.”

Olùdarí wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kó máa lọ. Nínú gbogbo ìpinnu ọjọ́ náà, èyí ni mo gbà pé ó tọ́ jùlọ, kò sì sẹ́ni tó rò ó tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òun nìkan.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ohùn. Máíkì aláìníwáyà ń lo ìgbì rédíò, níbi ayẹyẹ ńlá sì rèé, ẹnì kan wà tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa pín ìgbì fún àwọn èèyàn: máíkì àwọn olórin, ohun tí wọ́n ń fi sétí kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn, wọ́kí-tọ́kí àwọn ẹ̀ṣọ́, tiwa náà. Ibi àti àkókò ló fi ń pín in. Ìgbì tí wọ́n fún wa fún ìrọ̀lẹ́ ti di ti ẹlòmíràn ní aago mẹ́jọ. Bí mo bá tan tèmi láìgbàṣẹ, mo lè bo ohùn olórin kan mọ́lẹ̀ níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Mo lọ bá ẹni tó ń pín in, ó fi pátákó rẹ̀ hàn mí; kò sí àyè tó ṣófo lórí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgbohùn kékeré kan wà nínú àpò mi, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Kì í fi ohùn ránṣẹ́ síbì kankan. Inú káàdì tirẹ̀ ló ń kó o sí. 32-bit float ló ń lò, èyí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ àti igbe orin lè wà nínú fáìlì kan náà láì fọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé mi ò lè gbọ́ ohun tó ń gbà. A máa tàn án ni, a máa fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún elégbè pé yóò máa gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ títí tí mo fi máa pa á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé títí kan ohun tí òun bá sọ sí onílù òun tó bá sáré jù? Mo ní títí kan ìyẹn. Mo lẹ máíkì rẹ̀ mọ́ abẹ́ ọrùn aṣọ rẹ̀, mo so ẹ̀rọ náà mọ́ ìgbàdí.

Ẹni tó wà nídìí míkísà ìtàgé kékeré ti rẹ̀, omi ṣì ń kán lára fìlà rẹ̀. Ó ní òun lè fún mi ní ọ̀nà méjì, ọ̀tún àti òsì, kí n má tún béèrè nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Ó tó mi. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé ohun tó ń bọ̀ láti orí míkísà ti parí ọ̀rọ̀, yóò kàbámọ̀ nígbà tó bá délé. Ohun tó nílò ìrànlọ́wọ́ nìkan ni míkísà ń fi sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó kọjú sí èrò. Lórí ìtàgé kékeré, ìlù ń dún fúnra rẹ̀, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ń dún láti inú àpótí tirẹ̀. Nítorí náà, nínú wáyà tí wọ́n fún mi, ohùn elégbè ló kún ibẹ̀, ìlù jìnnà réré bí ẹni pé ó wà ní àdúgbò mìíràn. Mo fi máíkì méjì sí etí ìtàgé láti gba ìyókù àti àtẹ́wọ́ àwọn èrò. A tún fi kámẹ́rà kékeré kan sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà, lẹ́yìn èrò, kò sẹ́ni tó dúró tì í.

Ó kọ orin mẹ́rin. Méje ló fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kò pọ̀, torí ọ̀pọ̀ èrò ti ń lọ dúró de ìlúmọ̀ọ́ká, ṣùgbọ́n àwọn tó dúró mọ ìdí tí wọ́n fi dúró. Nínú orin kejì, onílù rẹ̀ sáré jù lóòótọ́. Ó yíjú kúrò lára máíkì ìtàgé, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí mi ò ní kọ síbí, ó sì yíjú padà láì pàdánù ìlà orin kan. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹ̀rọ kékeré yẹn ketekete.

Bó ṣe parí, kò dúró gba àtẹ́wọ́ tán. Ẹsẹ̀ ọ̀nà ẹ̀yìn tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbà la gbà. Òun níwájú, ayàwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi lẹ́yìn, gbogbo wa nínú ẹrẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń ka orin lábẹ́ ẹ̀mí: èyí tí wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún ni ó ń tẹ̀ lé, ó ń gberin rẹ̀ nígbà tó ń sáré kó lè mọ ibi tí wọ́n dé. Ẹ̀ṣọ́ kan ní ẹnu géètì kan kò fẹ́ jẹ́ kí kámẹ́rà kọjá. Elégbè fi káàdì rẹ̀ hàn án, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, orin kẹta nìyẹn,” ẹ̀ṣọ́ náà fetí sílẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì yà fún wa.

A dé ìdí àtẹ̀gùn ìtàgé ńlá. Ayàwòrán sọ kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ níbi tí ìwé wa parí sí. Ìró ibẹ̀ ń gbọn èèyàn nínú àyà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2022, ní kí ìpíndọ́gba ìró níbi orin má kọjá desibẹ́ẹ̀lì 100 láàárín ìṣẹ́jú 15, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ìtàgé yẹn ò gbọ́ ìlànà náà rí. Mo fi nǹkan dí etí mi, mo na ọwọ́ sí elégbè. Ó mọ ohun tí mo fẹ́. Ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Ohùn olùdarí wọ inú wọ́kí-tọ́kí lákòókò yẹn. “Má pa á. Jẹ́ kó gùn ún lọ bẹ́ẹ̀.”

Mo pa á. Mo yọ ọ́ lára rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ, ìbẹ̀rẹ̀ orin kẹrin sì bá a nídìí máíkì rẹ̀.

A ja ìjà yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, a tún jà á lẹ́yìn náà, mo sì fẹ́ sọ ti olùdarí bó ṣe sọ ọ́, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní a kò ní láti lò ó. Kó ṣáà wà nílẹ̀. Ó ní fídíò ayẹyẹ orin Harlem ti 1969 wà nílẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kó tó di fíìmù tí ayé rí ní 2021, tó sì gba Oscar lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ẹni tó yà á bá ti sọ pé kò sẹ́ni tó máa lò ó ńkọ́? Ó ní ohùn obìnrin yìí láti inú aṣọ ara rẹ̀, nígbà tó ń gberin lẹ́yìn ìlúmọ̀ọ́ká, kò sí fíìmù tó ní irú rẹ̀.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èsì mi ni pé ẹni tó ya ti Harlem bá àwọn olùṣètò ayẹyẹ náà ṣe é ni, kò fi ẹ̀rọ pamọ́ sára ẹnikẹ́ni. Mo tún ní ohun tó bá ti wà lórí hard drive, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan máa gbọ́ ọ nínú yàrá olótùú, tí á ní “ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré.” Èyí tó wúwo jù sì ni ti elégbè fúnra rẹ̀. Bí àwọn tó ń ṣojú ìlúmọ̀ọ́ká bá mọ̀ pé ẹ̀rọ ń gbohùn lára rẹ̀ lórí ìtàgé wọn, àwa á tọrọ àforíjì, a ó sì lọ ṣe fíìmù mìíràn. Òun ni kò ní ríṣẹ́ mọ́. Olórí ẹgbẹ́ tó jẹ́ kó lọ kọrin rẹ̀ náà á sì wà nínú ẹ̀. Olùdarí ò gbà. Ó ní elégbè ló yẹ kó pinnu. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí orin kẹrin ń dún lórí rẹ̀, tí ẹ̀mí rẹ̀ ò tíì padà sípò, kò sí nípò láti pinnu nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé “bẹ́ẹ̀ ni” ló máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í.

Nínú yàrá olótùú, ọ̀ràn kékeré kan kọ́kọ́ jáde tí kò bá ìjà wa mu. Kámẹ́rà tí a fi sẹ́yìn èrò ní ìtàgé kékeré, olótùú fi ohùn rẹ̀ bá ohùn míkísà mu bó ṣe yẹ, síbẹ̀ ẹnu elégbè ń là kí ohùn tó jáde. Ó rò pé kámẹ́rà bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà. Nǹkan bíi mítà 343 ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kámẹ́rà yẹn jìnnà sí ìtàgé tó bíi mítà 35, nítorí náà ohùn pẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwòrán sì ti débẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ní fírémù 25, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tí kámẹ́rà ń yà tẹ̀ léra, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, fírémù méjì ààbọ̀ nìyẹn. Ó sún àwòrán náà kó pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹnu àti ohùn sì pàdé.

Àwọn àwòrán orin mẹ́ta àkọ́kọ́ ti ìtàgé ńlá ló yí fíìmù náà padà. Ayàwòrán wa obìnrin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìlúmọ̀ọ́ká. Ó ya elégbè méjì tó ń wo ara wọn, tí wọ́n ń pín ohùn ẹni kẹta láàárín ara wọn, àti ọ̀pá máíkì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí iná ń tàn sí tí kò sẹ́nì kankan nídìí rẹ̀. A ò ní ohùn kankan fún àwòrán yẹn, ìwé ò sì gbà wá láyè láti ní. Olótùú mú ohùn ẹ̀rọ kékeré náà, ìyẹn èémí elégbè, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, orin tó ń ka lábẹ́ ẹ̀mí, ó sì fi í sábẹ́ máíkì tó ṣófo. Olùdarí wò ó lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra wọn. Láti ìgbà yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀ orin kẹrin mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé ó gbàgbé rẹ̀.

Ó ku Àǹtí. Òun ló rí i pé bí elégbè bá tilẹ̀ ń gberin lábẹ́ ẹ̀mí, orin ẹlòmíràn ló ń gbe, àti pé ohùn ìtàgé ńlá ń dún lókèèrè lẹ́yìn ẹ̀. Ó kọ̀wé. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, àmọ́ ìdáhùn wọn dáa ju ohun tí a retí lọ: ìró okèèrè lè dúró bí a kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ orin nínú rẹ̀; fún èyí tí elégbè ń gbe, a máa san owó fún ẹni tó kọ orin náà, wọ́n sì fi wá mọ ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á. Ohun kan ni wọn ò gbà rárá, pé kí orúkọ ìlúmọ̀ọ́ká wà níbikíbi nínú fíìmù náà.

Ìyẹn mú wa padà sọ́dọ̀ olórí ẹgbẹ́ onílù. Nígbà tó ń wé wáyà lọ́jọ́ náà, ó ti dá orúkọ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú gbólóhùn tí mi ò kọ sókè yìí. Olótùú gé gbólóhùn náà, ó fi ọwọ́ ọkùnrin náà àti wáyà bo ibẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ò sì tíì buwọ́ lu ìwé kankan. Àǹtí gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a, ó fi ìran náà hàn án. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe kóun rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gba bírò, ó buwọ́ lù ú, ó sì bi Àǹtí bóyá wọ́n máa sanwó owó ọkọ̀ fún òun bí wọ́n bá pe òun sí ibi tí wọ́n ti máa kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Àǹtí ní àwọn á san án.